Ìbọn Denzil Sizemore àti Ìtì Kẹrin

Pawpaw Fork, Kentucky
11 Oṣù Kẹta, 1976

Verlie ọmọ mi,

Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, gbé e mì kí o tó kà síwájú. Ara èmi àti ìyá rẹ le, ajá wà láàyè, ilé kò jó. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Sizemore ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí mo ní láti fi tó ọ létí fúnra mi, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Sùkúrú kan ti sọnù.

Kì í ṣe sùkúrú ilẹ̀kùn o. Ṣé o rántí pé ìbọn bàbá mi àgbà sán nídìí ní ìdíje ìbọn yíyìn oṣù Kẹwàá tó kọjá, lójú gbogbo ènìyàn, tí Burl Combs rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi mú? Mo ti ra òmíràn. Kì í ṣe odindi. Inú àpótí ni wọ́n kó o sí wá láti Tennessee: igi ìdí rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì, agba irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, ẹ̀rọ ìṣáná tó ń fi akọ òkúta ta iná sí ẹ̀tù, idẹ wẹ́wẹ́, àti sùkúrú mọ́kànlá. Ṣakabùlà gidi ni, irú èyí tí àwọn baba wa fi pa béárì. Èmi ni n óò tò ó. N kò to ìbọn rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láìgbá ẹnikẹ́ni. Kí ló tún kù tó le?

O mọ òfin ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ṣùgbọ́n o ti pẹ́ ní Ọsirélíà, jẹ́ kí n tún un sọ. Ìbọn tí ènìyàn bá gbé lé ìtì igi láti yìn ní ọjọ́ ìdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà, fi ọwọ́ tò. Ìdílé tí kò bá ní ìbọn lórí ìtì tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìtì yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ìtì kẹrin ti jẹ́ tiwa láti ọdún 1911. Burl tó wà ní ìtì karùn-ún ti ń wò ó bí ajá ṣe ń wo eegun. 16 Oṣù Kẹwàá ni ìdíje. Sùkúrú mẹ́wàá kò lè gbé ìbọn dúró.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọn apá rẹ láti ibi tí ìgúnpá ti ń ká títí dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀lá, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́. Má béèrè ìdí.

O kò kọ̀wé nínú oṣù Kejì. Mi ò bínú. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Bàbá rẹ,
Denzil Sizemore


Ballarat, Victoria
2 Oṣù Kẹrin, 1976

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo sì kí ajá tó wà láàyè.

Mo jókòó bí ẹ ṣe ní kí n jókòó. Mo ya àpò lẹ́tà. Sùkúrú kan já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá, inú àpò lẹ́tà tí ẹ fi sọ fún mi pé sùkúrú sọnù gan-an ni sùkúrú náà wà. Ó ti la òkun kọjá. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa gbé àpò náà sókè, ó mì ín sétí, ó bi mí bóyá eyín ẹnìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Mo ti fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ má ṣe ṣí i níta níbi tí koríko wà. Ẹ má sì ṣí i nínú ilé níbi tí ajá wà.

Nínú àpótí tí wọ́n kó ìbọn náà sí, ìwé ìlànà kan máa wà níbẹ̀ tó ní àwòrán. Ẹ kà á. Mo mọ̀ yín dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì sókè. Ẹ yọ ọ́ lábẹ́ tábìlì, kí ẹ kà á.

Ọ̀rọ̀ apá mi ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá ń wọn apá rẹ̀ láìsọ ìdí fún un, pósí ni wọ́n ń kàn. Èmi kò tíì kú. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ méjìlélógójì tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá ẹṣin ni mo máa ń gùn lọ sílé ìwé ní Kentucky. Mo ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lè jẹ́ kí n ráyè mí. Ẹ sọ ìdí, n óò wọn apá.

Mo kọ̀wé nínú oṣù Kejì. Ẹ wo ẹ̀yìn agolo búrẹ́dì, níbi tí Màmá ń kó lẹ́tà sí.

Ọmọ yín,
Verlie


Pawpaw Fork
25 Oṣù Kẹrin, 1976

Verlie,

Sùkúrú ti délé. Ó jọ mí lójú pé ó rí Ọsirélíà kí èmi tó rí i. Lẹ́tà oṣù Kejì náà wà lẹ́yìn agolo búrẹ́dì lóòótọ́. Ẹni tó kọ lẹ́tà tí wọn kò rí, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí kò kọ?

Mo ka ìwé ìlànà náà nítorí tìrẹ. Ì bá sàn kí n má kà á. Ó ní kí igi lè gba irin dáadáa, kí n fi èéfín àtùpà kùn ún, kí n gbé agba ìbọn sínú igi, kí n gbé e jáde, ibi tó bá dúdú lára igi, ibẹ̀ ló ga jù, ibẹ̀ ni kí n fi ọ̀bẹ gbẹ́. Ó dára. Mo kun igi. Mo gbé irin sí i, mo gbé e jáde. Gbogbo rẹ̀ dúdú. Mo gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo tún kùn ún. Gbogbo rẹ̀ tún dúdú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ igi, tí mo ń sọ pé igi yìí mà ga o.

Ìyá rẹ wọlé, ó wo ojú mi bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kòtò èédú. Ó ní, "Denzil, irin ni kí o kùn, kì í ṣe igi."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ ni."

Ní báyìí, agba ìbọn ń mì nínú igi bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Mo ti po gọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ èérún igi láti fi dí i. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn.

O béèrè ìdí. Láti ìgbà wo ni ọmọ Sizemore ti ń béèrè ìdí? Ìdí nìyí. Igi ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ bá apá ẹni tó máa yìn ín mu. Ìwọ lo máa yìn ín. Ìwọ lo máa dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ìtì kẹrin ní 16 Oṣù Kẹwàá. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ìjọ.

Fi ìwọ̀n apá ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Denzil


Ballarat
14 Oṣù Karùn-ún, 1976

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Mo kí Màmá, ẹni tó lè kàwé.

Ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ìjọ. Ẹ ò tíì sọ ọ́ fún èmi, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ìjọ. Ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù ṣàlàyé. Mo wà ní apá kejì ayé. Ìwé tí mo fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn tó gbà mí síṣẹ́ kò ní parí títí di oṣù Kejìlá. Oṣù Kẹwàá, àárín sáà kẹta ni. Ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Pascoe, kì í fún ènìyàn láyè lọ sìnkú bí kò bá rí òkú náà. Kí wá ni kí n lọ sọ fún un? Pé mò ń lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn igi?

Èyí tó wá burú jù nìyí: Bàbá, ọwọ́ òsì ni mò ń lò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo sì ti ń lo ọwọ́ òsì níwájú yín, nídìí tábìlì kan náà, tí ìgúnpá mi ń gbá ife yín dànù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀rọ ìṣáná ìbọn yẹn wà. Apá ọ̀tún ni. Bí mo bá gbé e lé èjìká òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀tù ti ń bú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n padà sí Ọsirélíà láìní ìpéǹpéjú?

Ojú méjì ni Ọlọ́run fún yín. Ẹ fi ọ̀kan wo ibi tí ìbọn ń lọ, kí ẹ fi èkejì wo Burl. Ẹ yin ìbọn yín fúnra yín.

Mi ò ní fi ìwọ̀n apá kankan ránṣẹ́.

Verlie


Pawpaw Fork
3 Oṣù Kẹfà, 1976

Verlinda,

Ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ rò pé àwọn tó ń ta irúgbìn tòmátò ni mò ń kọ̀wé sí, nítorí náà n óò ṣe é ní kíákíá.

O ní Ọlọ́run fún un ní ojú méjì. Èmi ni mo ka lẹ́tà yẹn sí i létí, nítorí ìkọ̀wé rẹ ti kéré jù fún un. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó dìde, ó lọ wo ajá.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ń lọ. Nǹkan funfun ti bò ó bí omi tí wọ́n fọ ìrẹsì. Ṣé o rò pé ó kàn fẹ̀yìn tì lẹ́nu bọ́ọ̀sì ni? Ta ló ń fẹ̀yìn tì ní àárín oṣù Kejì? Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ fún wọn, ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó má rí ọmọ àwọn Slone tó ń sọdá. Dókítà ní ìlú Hazard ní kó jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Bàbá rẹ ní ó di ẹ̀yìn ìdíje. Ó gbìyànjú láti fi ojú òsì yìnbọn ọdẹ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ló lù. Àwọn adìyẹ kò yé ẹyin fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Tí o bá rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ igi yẹn! Á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, kó tó gbé ọ̀bẹ sí i. Ófùn tí mo fi ń yan nǹkan ló ń lò láti fi mú igi náà gbẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti yan búrẹ́dì àgbàdo kẹ́yìn. Mo jẹ ẹ̀wà lásán títí ó fi sú mi. Agba ìbọn wà lórí tábìlì, àtùpà tó ń rú èéfín wà nínú àwo fífọ̀, mo sì bá fáìlì irin nínú dúrọ́ọ̀ ṣíbí. Mo ti dúrọ́ọ̀ náà padà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; òun ni kò ríran, èmi ni mò ń sunkún.

Ẹ̀yin Sizemore, ẹ lè fi ojú ìwé mẹ́rin sọ ọ̀rọ̀ sùkúrú. Ohun tó ń dùn yín gan-an, ẹ ò ní sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Má sọ pé èmi ni mo sọ.

Màmá


Pawpaw Fork
8 Oṣù Kẹfà, 1976

Olùkọ́ Sizemore,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo gbọ́. N kò ní dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́.

N óò yin ìbọn mi fúnra mi. Iṣẹ́ ń lọ geerege. Mo lu ihò tí ọ̀pá tí a fi ń ki ẹ̀tù máa ń gbé, lábẹ́ agba. Ẹ̀rọ tí mo fi lù ú wọlé lábẹ́, ó sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti lu òmíràn. Mo fi igi dí ti àkọ́kọ́, mo sì gbẹ́ ewé kékeré kan sórí rẹ̀, kí ó lè dà bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Burl Combs yà síbí lọ́jọ́ Sátidé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ sápò.

"Denzil, kí nìyẹn? Ẹsẹ̀ tábìlì?"

"Ìbọn ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni. Inú àpótí lo ti rà á. Bí ìyàwó mi bá ra kéèkì tó wà nínú páálí, tó da omi sí i, ṣé òun ló ṣe é?"

Mo ní, "Ní oúnjẹ ilé ìjọsìn, Burl, ta ló máa ń gba ọpẹ́ rẹ̀?"

Ó bínú. Ó ní ìbọn tòun, bàbá òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú jáde láti inú irin, ẹ̀sùn sì ni òun máa fi mí sùn níwájú ẹgbẹ́. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé á kọ̀wé ẹ̀sùn sí ara rẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀, á sì kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ máa yọ̀.

D. Sizemore


Ballarat
30 Oṣù Keje, 1976

Bàbá mi,

Mo kí yín, tọkàntọkàn.

Bébà tí mo ká sínú ìwé yìí, apá mi ni. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo gbé apá lé e, obìnrin tí mò ń gbé ilé rẹ̀ sì fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Apá òsì ni. Mo kọ ÒSÌ sórí rẹ̀ níbi márùn-ún. Ẹ má wò ó láti ẹ̀yìn.

N kò kọ̀wé láti ọjọ́ yìí nítorí n kò fẹ́ kọ "bóyá" ránṣẹ́ sí yín. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń fi bóyá ṣe. Ẹ máa sọ ọ́ fún gbogbo ará ìjọ.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pascoe.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó, sà."

"Kí ló wá dé?"

"Ìbọn ni, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un: ìtì, òfin, Burl. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ní yàrá yẹn ni mò ń gbọ́ bó ṣe rí létí. Ó ní, "Omidan Sizemore, ẹ lọ sinmi." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo padà lọ bá a. Lẹ́ẹ̀kẹrin mo sọ ọ̀rọ̀ ojú yín fún un. Ó ní ó yé òun. Bàbá tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ kó tó lọ. Ó ní òun lè fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì bí n óò bá fọwọ́ sí ìwé ọdún kan sí i, nítorí òun kò lè rí olùkọ́ mìíràn tí òun máa fi lé àwọn ọmọ méjìlélógójì yẹn lọ́wọ́.

Mo fọwọ́ sí i, Bàbá. Mo mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni ẹ ń retí mi kí n wálé pátápátá. Ó ti di oṣù Kejìlá ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má bi mí pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ ojú fún mi. Àwọn tó ń ta irúgbìn tòmátò ni.

Verlie


Pawpaw Fork
2 Oṣù Kẹjọ, 1976

Verlinda Sizemore,

Ọjọ́ márùndínlọ́gọ́ta rèé tí mo ti kọ̀wé sí ọ. Mo ti wo ẹ̀yìn agolo búrẹ́dì. Mo ti wo inú agolo búrẹ́dì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, a gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ni mí, n kì í ṣe agbowó-orí.

Ìbọn ti dún. Mo so ó mọ́ táyà mọ́tò ní ẹ̀yìn abà, mo so okùn gígùn mọ́ ohun tí à ń fà, èmi àti ìyá rẹ lọ ba sẹ́yìn òkìtì igi ìdáná. Mo fà á. Kò dún. Mo tún fà á. Kò dún. Mo ní, "Ruthene, lọ wò ó." Ó ní, "Denzil, ẹ̀ẹ̀kan ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ikú nìkan ló máa yà wá, mi ò sọ pé kí o yára." Mo lọ fúnra mi, mo pààrọ̀ akọ òkúta, mo padà wá, mo fà á. Ó dún! Táyà fò. Ajá kò wálé títí di ọjọ́ kejì. Agba kò sán, igi kò là.

Níwọ̀n ìgbà tí o kò fi ìwọ̀n apá ránṣẹ́, mo ti gé ìdí rẹ̀ sí ìwọ̀n apá tèmi. Burl ti kọ̀wé ẹ̀sùn. Wọ́n máa gbọ́ ọ ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an, kí a tó yìnbọn. Bí wọ́n bá dá a láre, ìtì kẹrin lọ nìyẹn.

Mi ò bínú. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Bàbá rẹ, bí o bá rántí


Pawpaw Fork
18 Oṣù Kẹjọ, 1976

Verlie ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí mo kọ èyí tó burú yẹn. Bí èyí tó burú bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ṣí i. Bí o bá ti ṣí i, ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́.

Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.

Mo gbé bébà apá rẹ lé igi. Apá rẹ kúrú ju tèmi lọ ní ìka méjì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí igi ṣeé gé, kò ṣeé fà. Mo ti gé e. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń gbé ńkọ́? Òsì igi ni mo gbẹ́ ẹ sí, bí ó ṣe wà nínú àwòrán. Ìwọ, ọ̀tún igi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ máa wà. Mo ti gbẹ́ òmíràn síbẹ̀. Ìbọn náà wá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì bí ẹni tó jẹun yó. Ìyá rẹ ní ó jọ Burl.

Ọ̀rọ̀ ọdún kan yẹn. Ìyá rẹ kà á sí mi létí, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Mo pè ọ́ wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fi le ọ́ kúrò nílé fún ọdún kan. Kò sí nínú ìwé ìlànà kankan bí wọ́n ṣe ń tún irú ìyẹn ṣe. Bí o bá lè lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Pascoe pé o ti yí ọkàn padà, lọ sọ. Kí Burl máa gbé ìtì lọ. Igi lásán ni. Mo sọ ọ́ láàárọ̀ yìí níwájú ìyá rẹ, kò sì ṣubú, nítorí ó ti jókòó tẹ́lẹ̀.

Ojú ọ̀tún náà, òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí o wálé nítorí ojú. Ìbọn ni mo fẹ́ kí o tìtorí rẹ̀ wálé. Ó sàn kí ènìyàn wálé nítorí nǹkan tó gún régé.

Bàbá rẹ,
Denzil


Ballarat
10 Oṣù Kẹsàn-án, 1976

Bàbá mi,

Mo ṣí èyí tó burú. Mo ṣí èyí tó dára. Èyí tó burú ni mo fi han àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n fẹ́ kí ẹ máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

N kò ní yí ọkàn padà. Mo ti fọwọ́ sí i, ìdílé tó ń jà fún ìtì igi láti ọdún 1911 kò gbọdọ̀ sẹ́ ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, n óò dé Lexington ní ọ̀sán. Kó jẹ́ Màmá ló máa wa ọkọ̀ wá pàdé mi. Ẹ gbọ́? Màmá ni. Mo ra awò ojú dúdú lọ́wọ́ àwọn tó ń jó irin, kí n lè padà síbí pẹ̀lú ìpéǹpéjú mi.

Ní ti ẹ̀sùn Burl, ẹ má bá a jà, ẹ má bá a sọ ọ̀rọ̀ kéèkì mọ́. Òfin ni mo máa bá a sọ. Mo ti ní kí Màmá da òfin ẹgbẹ́ kọ ránṣẹ́ sí mi. Ojú ìwé kan péré ni, kò sí ọ̀rọ̀ àpótí níbẹ̀. "Fi ọwọ́ tò" ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tò ó. Kò sẹ́ni tó lè rí i kó jiyàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá ń bẹ̀ yín, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ìbọn náà mọ́ títí n óò fi dé. Ẹ má gbẹ́ ewé míì. Ẹ má fi nǹkan dí nǹkan.

Lẹ́yìn ìdíje, ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀yin ń lọ bá dókítà ní Hazard. Ẹ lè sọ ìyẹn fún gbogbo ará ìjọ.

Ọmọ yín,
Verlie


ẸGBẸ́ AYÌNBỌN ORÍ ÌTÌ IGI TI PAWPAW FORK
ÌKÉDE FÚN GBOGBO ỌMỌ ẸGBẸ́
16 Oṣù Kẹwàá, 1976

1. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ẹ̀sùn tí Arákùnrin B. Combs mú wá pé ìbọn ìtì kẹrin kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni ín. Omidan V. Sizemore béèrè pé kí a má ṣe ojúsàájú, kí a tú agba ìbọn méjèèje kúrò nínú igi wọn, kí a sì yẹ abẹ́ wọn wò. A tú wọn.

2. Ìbọn mẹ́ta ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Ítálì. Méjì, títí kan ti Arákùnrin Combs, ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Sípéènì. Ti Alága ní ibì kan tí wọ́n ti fi fáìlì pa nǹkan rẹ́. Ìgbìmọ̀ pinnu láti má béèrè. Ní ti ìbọn ìtì kẹrin, a bá ojú ìka Arákùnrin D. Sizemore nínú gọ́ọ̀mù rẹ̀ níbi mẹ́sàn-án. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan láyé tó máa gbà pé òun ló ṣe é. Ìgbìmọ̀ fi ohùn kan gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni.

3. Ní ìbámu pẹ̀lú òfin, ìbọn mẹ́fà yòókù kúrò nínú ìdíje. Arákùnrin D. Sizemore ló gbégbá orókè láìyin ìbọn kankan. Kí ó wá kó ẹran màlúù tó jẹ́ ẹ̀bùn ìdíje, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti awọ, kí ó sì mú ohun tó máa kó o sí dání.

4. Nítorí ìdílé mẹ́fà kò ní ìbọn tó tọ́ lórí ìtì wọn, ìtì méjèèje di ti Arákùnrin D. Sizemore láti aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí Ìgbìmọ̀ dìbò fagi lé òfin náà.

5. Omidan V. Sizemore, tó ní Ọsirélíà lòun ti wá, tọrọ àyè láti yìnbọn lẹ́ẹ̀kan péré. A kò fún un. Ìdíje tó ti parí kò ṣeé yìnbọn sí.

6. Láti ọdún 1977, ẹnikẹ́ni lè gbé ìbọn èyíkéyìí wá. Kò sí ìtì tó jẹ́ ti ìdílé kankan mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ dùbúlẹ̀.

Burl Combs,
Akọ̀wé